Ẹsẹ̀ Bàbá Mi àti Ilẹ̀ Ẹ̀yìn Ìkòkò Ògì

Kò sí ẹni tó lè kọ́ mi lọ́rọ̀ ilẹ̀. Èmi Làmídì, mo mọ ilẹ̀ Ọ̀tà bí ẹní mọ ojú ìyá rẹ̀. Bí tírélà bá já yanrìn sílẹ̀, n kò nílò kí n bẹ̀rẹ̀ bù ú. Láti inú mọ́tò mi ni mo ti máa sọ bóyá ó yẹ fún búlọ́ọ̀kù tàbí kò yẹ. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ojú rẹ̀ kò sì tì mí. Àwọn tó kàwé jù mí lọ ló ń dúró de búlọ́ọ̀kù mi kí wọ́n tó lè kọ́ kíláàsì tí wọn yóò ti máa fi ìwé náà yangàn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yẹ kí ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kà jọ gbọ́. Ọdún tí wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ bàbá mi, ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ti wá bu ilẹ̀ láti fi wá oògùn tuntun. Ilé tiwa. Kì í ṣe ilé ẹlòmíràn.

Àwórì ni wá, ọmọ onílẹ̀ pọ́ńbélé. Ilé wa wà lẹ́yìn ọ̀nà tó jáde sí Ṣàngó, ilé alámọ̀ tí bàbá bàbá mi mọ, tí wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára. Ìgbà yẹn ni gbogbo ayé ń du ilẹ̀ Ọ̀tà. Ṣọ́ọ̀ṣì ń ra ilẹ̀, yunifásítì ń ra ilẹ̀, ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní yunifásítì náà ń ra ilẹ̀ kó lè sún mọ́ àwọn tó ní in. Ní ìdájí, ládáànì ló máa kọ́kọ́ jí wa. Kó tó parí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì òdìkejì á ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fèrè ilé iṣẹ́ irin tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ á wá ké, gbogbo ajá àdúgbò á sì máa dá a lóhùn. Láàárín ariwo wọ̀nyí, ìyá mi á ti wà lẹ́yìnkùlé, á máa sẹ́ ògì. Ìró yẹn ni mo fi mọ ilé: omi tó ń kán láti inú aṣọ asẹ́ sínú ìkòkò, àti ohùn ìyá mi tó ń bú ẹni tó bá a lọ ọkà pé kò kúnná. Omi kíkan tó bá kù, ẹ̀yìn ìkòkò náà ló ń dà á sí, ojú kan náà, láti ìgbà tó ti wọ ilé ọkọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, kì í gbẹ, ó sì ń rùn. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, a máa sọ pé ilẹ̀ yẹn ti mu ògì jù mí lọ. Irọ́ ni. Kò sí ohun tó mu ògì jù mí lọ nínú ilé yẹn.

Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń ké. Ọjọ́ tí irin gbígbóná ta sójúgun rẹ̀ lókè bàtà níbi iṣẹ́, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wálé, ó jókòó, ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀kọ wá fún òun. Wọ́n ti fọ egbò náà fún un níbi iṣẹ́, wọ́n sì ní kó kọjá sí ọsibítù. Ṣé ọkùnrin bíi bàbá mi ló máa lọ tò sórí ìlà nítorí ojúgun? Ọkùnrin kan wà tó ń fi ike ńlá kiri oògùn ní àdúgbò, òun la ń ra kápúsù lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí apá kan rẹ̀ pupa, tí apá kejì dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Gbogbo èèyàn ló ń lò ó: inú rírun, ikọ́, akokoro, kò sí ohun tí wọn kì í fi í ṣe. Ní tiwa, Ìyá Àgbà ló máa jókòó sórí àpótí, á fi èékánná ṣí kápúsù náà bí ẹní ń pa ẹ̀pà, á wá máa wọ́n lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ sójú egbò bí ẹní ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ìyá mi bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé ṣé kì í ṣe pé kí wọ́n gbé e mì ni. Ìyá Àgbà wò ó tìyanu-tìyanu. “Èyí tí wọ́n bá gbé mì, inú ló ń lọ. Ṣé inú ni ọmọ mi ti fara pa ni?” Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ojú egbò á gbẹ díẹ̀, a ó dúpẹ́, á tún ya. Nígbà tó yá, kò gbẹ mọ́. Ó ń yọ ọyún aláwọ̀ ewé, ó sì ń rùn débi pé bàbá mi kì í bá wa jẹun mọ́. Á gbé àwo rẹ̀ lọ sábẹ́ igi ọsàn, á kẹ̀yìn sí wa. Mo ṣì ń rí ẹ̀yìn yẹn títí dòní. Ọkùnrin tó ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín nídìí oúnjẹ, òun ló wá ń jẹun bí àlejò nínú ilé bàbá rẹ̀.

Àkókò yẹn náà ni Àǹtí Bọ́sẹ̀ gba yàrá iwájú lọ́wọ́ wa. Ọmọ Òṣogbo ni, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ó ń kàwé kún ìwé ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tuntun tí àwọn ìjọ ń kọ́ sí apá ọ̀dọ̀ wa. Ìyá Àgbà kò fìgbà kan pe orúkọ rẹ̀. Yunifásítì ló ń pè é. “Yunifásítì, o ti jẹun?” “Yunifásítì, wá ká aṣọ rẹ, òjò ń bọ̀.” Lọ́jọ́ kan, Yunifásítì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó mú ṣíbí kan àti ọ̀rá kékeré dání, ó ní òun fẹ́ tọrọ ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

“O fẹ́ ra ilẹ̀?”

“Rárá, Màmá. Ṣíbí kan péré ni.”

“Ṣíbí kan!” Ìyá Àgbà ké sí bàbá mi. “Rábíù, wá gbọ́ o! Wọ́n ti ń ra ilẹ̀ Ọ̀tà ní ṣíbí ṣíbí.”

Bàbá mi tiro jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ohun tí a kò sì tíì rí láti ọjọ́ mélòó kan nìyẹn. Ó bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní, “Dádì, nínú ilẹ̀ tí ẹ ń wò yìí, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò lè rí ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Oúnjẹ ò kárí wọn, àyè ò kárí wọn. Àwọn kan nínú wọn wá ń tu oró síta, kí ẹlòmíràn má baà sún mọ́ ibi tí wọ́n wà. Oró yẹn la fi ń ṣe oògùn. Kápúsù tí ẹ ń lò yẹn gan-an, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kòkòrò àìsàn ti mọ ọgbọ́n rẹ̀, kì í pa wọ́n mọ́. Òmíràn là ń wá.” Bàbá mi mi orí. “Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n nìyẹn.” “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọmọ onílẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.” Bàbá mi yíjú sí Ìyá Àgbà: “Ẹbí wa ni wọ́n, Màmá. Ẹ jẹ́ kó bù ú.” Ta ló wá fi ibi tó yẹ hàn án? Èmi ni. Ìdí igi ọsàn ló ti fẹ́ bù ú, mo ní rárá, ilẹ̀ ibí kò jẹun kánú, mo fà á lọ́wọ́ dé ẹ̀yìn ìkòkò ògì. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó bu ṣíbí kan. Bí wọ́n bá ń ka àwọn tó wá oògùn lórílẹ̀-èdè yìí, tí wọn kò ka Làmídì mọ́ wọn, ìkà ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ rí ẹsẹ̀ bàbá mi ní tòótọ́, ojú rẹ̀ yí padà. Ó bẹ̀ ẹ́ títí kó tó lọ sí ọsibítù ìjọba, nígbà tí ibà ti ń gbọ̀n ọ́n. Dókítà wo ẹsẹ̀ náà, ó ní egbò ti ń wá ọ̀nà dé eegun. Ó ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ọyún rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó sì padà wá ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá ṣì rí báyìí, wọn yóò gé e lábẹ́ orúnkún kó má baà pa á. Bàbá mi jáde níbẹ̀, kò yà síbi àyẹ̀wò. Ó ní òun ò ní jókòó kí ọmọdébìnrin kan máa fi owú họ ọyún òun lójú gbogbo ayé. Nílé ló ti wá gbà kí Àǹtí Bọ́sẹ̀ họ ọ́, nítorí ẹni ilé ni. Ó fi owú gbà á, ó kì í bọ ìgò kékeré kan, ó dé e pinpin, ó gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ wọn ní yunifásítì. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó lè pa kòkòrò inú rẹ̀, bóyá nínú oògùn ọsibítù, bóyá nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ tí òun ti rí nínú ilẹ̀ wa.

Ní ọ̀sán Sátidé, ó gbé abọ́ kan wọlé. Abọ́ pẹlẹbẹ, ó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ó ti fi téèpù dì í yíká, ó ní a kò gbọdọ̀ ṣí i. Ohun kan bí ìpara tẹ́ gbogbo inú rẹ̀. Kòkòrò ẹsẹ̀ bàbá mi nìyẹn, tó ti bí sí i. Ara mi bù máṣọ. Ó ti to àwọn bébà róbótó tín-ín-tín sójú rẹ̀, tí wọ́n rì sínú oògùn lóríṣiríṣi, ó sì ti fi ẹyọ ohun kan tó dà bí ẹ̀fun sí ẹ̀gbẹ́ kan, èyí tó hù láti inú ilẹ̀ ògì wa. Bébà tó ní oògùn kápúsù wa nínú, kòkòrò hù dé etí rẹ̀, wọn ò kà á sí. Àmọ́ àyíká tiwa! Ẹ wá wo bó ṣe mọ́ gbá yíká, bí ilẹ̀ tí katakata ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Kò sí kòkòrò tó tó bẹ́ẹ̀ láti tẹ ibẹ̀. Gbogbo ilé hó yèè. Ìyá Àgbà ń jó, ó ń ké pé, “Ilẹ̀ wa ni! Ilẹ̀ Rábíù ni!” Èmi ń fò sókè bí ọ̀bọ. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ń fìka tọ́ka sí apá kejì abọ́ náà, ẹnu rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́? Ọmọ onílẹ̀ ni wá. Bí wọ́n bá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ síwájú wa, pọ́lọ́ọ̀tì tiwa nìkan là ń wò.

Ìyá mi kò jó. Ó kúnlẹ̀. Ìyálé ilé, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tó ń gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. “Àǹtí Bọ́sẹ̀, fún mi lóògùn yẹn.”

“Mọ́mì, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe oògùn. Ohun tó ń pa kòkòrò lè pa èèyàn pẹ̀lú, a ò tíì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún.”

“Ọ̀pọ̀ ọdún? Ọjọ́rú ni wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ ọkọ mi!”

“Mo mọ̀, Mọ́mì. Ohun tí mo ń fi hàn yín—”

“Ilẹ̀ mi lo bù. Omi ògì mi ló bọ́ ọ. Ọyún ọkọ mi lo fi dán an wò. Kí wá ni tìrẹ níbẹ̀? Ṣíbí?”

Àǹtí Bọ́sẹ̀ gbé abọ́ rẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, ilé wa dà bí ìkòkò tí wọ́n dé lórí iná. Ìyá mi ń fọ abọ́, ó ń fi wọ́n lu ara wọn. Ìyá Àgbà kò pe Yunifásítì wá jẹun. Bàbá mi ló sọ láti abẹ́ igi ọsàn pé, “Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀,” ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ní agbára, a sì mọ̀ pé òun náà ń ro ohun tí à ń rò: oògùn wà nínú ilé, ẹnì kan ló há a mọ́wọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ Àìkú mọ́, tí gbogbo àdúgbò ti kó aṣọ funfun àti Bíbélì lọ sí ìsìn, ìyá mi mú ọkọ́, ó lọ sẹ́yìn ìkòkò ògì. Kò sá fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹni tó ń wa ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ kì í ṣe olè. Ó kó ilẹ̀ dúdú náà sínú bàsíà, ó bu omidùn lé e gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi í rẹ àgbo, ó pò ó títí ó fi di ẹrẹ̀ tó ń dán. Bàbá mi wà lórí ẹní, ojú rẹ̀ pọ́n fún ibà. Ìyá Àgbà ń tú aṣọ tó fi wé ẹsẹ̀ náà, mo sì ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin. “Ẹ kùn ún,” bàbá mi wí. “Ohun tí wọ́n fẹ́ gé dànù, kí ni ẹrẹ̀ lè ṣe fún un?” Èmi ni mo kọ́kọ́ rí Àǹtí Bọ́sẹ̀ tó ń wọlé láti ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo sì ké pé, “Àǹtí, wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ sí i!” Ìyá mi gbá mi létí fún un. Etí yẹn ò dùn mí rárá. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ju Bíbélì rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó bàà láàárín bàsíà àti ẹsẹ̀ bàbá mi, pẹ̀lú aṣọ ìsìn rẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ kọ́kọ́ dà á lé mi lórí ná.”

“Dìde níbẹ̀.”

“N kò ní dìde. Ẹyọ kan tẹ́ ẹ rí ní Sátidé, mo ti ṣà á kúrò láàárín àwọn yòókù. Nínú bàsíà yìí, gbogbo àdúgbò ló wà níbẹ̀! Àìsàn tó máa ń mú ẹnu há, tó ń mú èèyàn le gbagidi bí igi títí á fi kú, inú ilẹ̀ ló ń gbé. Ẹ bu díẹ̀ fún mi níbẹ̀. Ẹ fún mi di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Bó bá mọ́ bí ẹ ṣe rí i ní Sátidé, ọwọ́ mi yìí ni màá fi kùn ún fún wọn.”

Ìyá mi dúró pẹ̀lú bàsíà náà. Ẹrẹ̀ ń kán sílẹ̀ láti ọwọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí ẹsẹ̀ náà báyìí, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Bàbá mi ló la ojú. “Di ọ̀la, Ìyá Làmídì. Ọ̀la ò tíì di Ọjọ́rú.” Ìyá mi gbé bàsíà náà sílẹ̀. Kò dà á nù o. Ó fi àtẹ dé e, ó gbé e sẹ́nu ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló sì wà ní gbogbo ọjọ́ Ajé, tí à ń fo ó kọjá bí ẹní ń fo òkú. Fèrè ilé iṣẹ́ irin ké láàárọ̀, bàbá mi yí ojú sí ògiri. Ìyá mi sẹ́ ògì, ó gbàgbé láti bú ẹnikẹ́ni.

Ìrọ̀lẹ́ ni Àǹtí Bọ́sẹ̀ dé, abọ́ méjì ló gbé wá, àwọn méjèèjì ni ó fi téèpù dì. Ó kọ́kọ́ na èyí tó fi ẹrẹ̀ wa ṣe sí ìyá mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjà Ṣàngó lọ́jọ́ ọdún kò tó bẹ́ẹ̀. Olómi wà níbẹ̀, onírun wà níbẹ̀, èyí tó pupa bí osùn, èyí tó dúdú bí èédú, wọ́n gun ara wọn lórí dé ìdérí abọ́. Ìyá mi wò ó, ó tún un wò. “Èwo ni tiwa níbẹ̀?” “N kò mọ̀, Mọ́mì. Wọ́n ti bò ó mọ́lẹ̀.” Ìyá mi lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ṣí àtẹ kúrò. Ó gbé bàsíà, ó dà á padà sẹ́yìn ìkòkò ògì, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kó tó wọlé. Ìyá Àgbà ti mú abọ́ kejì, ti Sátidé, ó ń yí i sọ́tùn-ún sósì. Ó wá fi ìka lé ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí bébà róbótó kan wà, tí àyíká rẹ̀ mọ́ ju ti ilẹ̀ wa lọ.

“Yunifásítì, kí ni ti ibí yìí?”

“Oògùn abẹ́rẹ́ ni, Màmá. Abẹ́rẹ́ tó wà ní ọsibítù. Òun ni mo ń tọ́ka sí láti Sátidé.”

“O ò pariwo,” ìyá mi wí.

“Ẹ̀yin lẹ̀ ń pariwo, Mọ́mì.”

Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé bàbá mi lọ, Àǹtí Bọ́sẹ̀ gbé abọ́ náà lé itan nínú ọkọ̀ bí ẹní gbé ẹyin. Ìyá mi ló wá ròyìn rẹ̀ fún wa. Dókítà gbé abọ́ sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó pe àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ láti ibi àyẹ̀wò, àwọn náà gba ọyún láti fi ṣe àyẹ̀wò tiwọn. Ó ní àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ náà lójú ẹsẹ̀, àwọn yóò sì ha ẹran tó ti kú kúrò. Ṣùgbọ́n bí ibà kò bá lọ, àwọn yóò gé e, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ọjọ́rú dé, wọn kò gé e. Wọn kò sì sọ pé wọn ò ní gé e. Ìyá mi ń lọ ń bọ̀. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń wá kápúsù tí yóò ṣí, kò rí. Kò sí bí ọkọ̀ ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà tí a kì í dìde. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi wọlé, ó kọjá lára wa tààrà, ó lọ jókòó sídìí ìkòkò ògì, ó bo ojú. Ìyá Àgbà dìde pẹ̀lú ọwọ́ lórí. “Ìyàwó, kí ni wọ́n wí?” Ìyá mi gbé ojú sókè, omijé ti rẹ ọrùn rẹ̀. “Ó ní ẹ̀kọ ọsibítù ò kan tó. Ó ní kí n bá òun gbé tèmi wá.” Bí a ṣe mọ̀ nìyẹn.

Bàbá mi padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì. Ojúgun kan jó wọnú, ó sì ń tiro títí dòní, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni. Lẹ́yìn òjò ọdún náà, Àǹtí Bọ́sẹ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nídìí oúnjẹ, ojú rẹ̀ wú. Ní yunifásítì, wọ́n ti yẹ oró ilẹ̀ wa wò dé ìdí. Kì í ṣe tuntun. Àwọn kan ti rí i tipẹ́ nínú ilẹ̀ ìlú òkèèrè, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, ó ti wà lórí àtẹ. “Dádì, ẹlòmíràn ti gbà á.” Bàbá mi gbé òkèlè dúró, ó ronú, ó bú sẹ́rìn-ín débi pé ó há a lọ́fun. “Wọ́n ta ilẹ̀ kan fún èèyàn méjì! Yunifásítì, ṣé Ọ̀tà lo ti máa sunkún ìyẹn? Lọ bu ṣíbí mìíràn.” Àǹtí Bọ́sẹ̀ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó lọ bù ú. Mo gbọ́ pé ó ṣì ń bù ú níbi tó wà báyìí.

Láìpẹ́ yìí, ìjọ òdìkejì gba ẹ̀yìnkùlé lọ́wọ́ wa fún ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ta ni wọ́n gbé iṣẹ́ íntálọ́kì, òkúta alásopọ̀ tí wọ́n fẹ́ tẹ́ síbẹ̀, fún? Èmi ni, ta ló tún mọ̀ ọ́n tò jù mí lọ? Iṣẹ́ mi kì í ní àlàfo. Bí o bá da omi sí i, kò ní mọ ibi tí yóò gbà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti to ó dé ibi tí ìkòkò ògì máa ń wà, nígbà tí bàbá mi fi ọ̀pá rọra rìn dé, ó gbé ẹsẹ̀ tí ojúgun rẹ̀ jó wọnú náà lé orí ilẹ̀ dúdú yẹn. Ó ní kí wọ́n yà fún ibẹ̀. Alábòójútó ìjọ ní, “Bàbá, irú iṣẹ́ tó dára báyìí, ẹ wá fẹ́ kí ihò wà láàárín rẹ̀?” Ó wò mí pé kí n bá òun sọ̀rọ̀. Èmi wo ẹsẹ̀ bàbá mi.

“Ẹ yà fún un,” mo sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́.

“Onílé wà níbẹ̀,” bàbá mi sọ fún alábòójútó, kò sì gbé ẹsẹ̀ náà kúrò títí wọ́n fi to òkúta yí i ká.